Àká Ẹ̀jẹ̀: Bí Eré Àsápajúdé Ṣe Ń Yí Ẹ̀jẹ̀ Ẹṣin Padà

Ìfáàrà

Àwọn àgbà ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Lónìí, ẹṣin fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ. Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni a ó sì wò.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan ará Ọ̀jọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin. Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti rí ẹṣin ní etí òkun, níbi tí wọ́n ti ń gbé ọmọdé gùn ún fún owó díẹ̀, tàbí níbi ìnáwó, níbi tí wọ́n ti ń fi gbé ọkọ ìyàwó wọlé pẹ̀lú ìlù. Bí irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ bá ṣubú lójijì tí ó sì kú, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé oòrùn ni ó pa á, tàbí pé ọ̀tá ni ó wà nídìí rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè bí ẹ̀jẹ̀ ẹran náà ti rí kí wọ́n tó gùn ún.

Ohun tí mo fẹ́ fi múlẹ̀ níwájú yín kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú iṣan ẹṣin nígbà tí ó dúró jẹ́ẹ́ àti èyí tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ó ń sáré kì í ṣe bákan náà. Ẹṣin ní àká kan nínú ara rẹ̀ tí ó ń kó ẹ̀jẹ̀ pa mọ́ sí, tí ó sì ń tú jáde nígbà ìnira. Agbára àká yìí ni ó sọ ẹṣin di ọba àwọn asáré. Ṣùgbọ́n àká yìí kan náà ni ó lè bo àìsàn mọ́lẹ̀, tí ẹṣin tí kò ní ẹ̀jẹ̀ tó yóò fi dà bí ẹni tí ara rẹ̀ le koko.

1. Ẹṣin ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní Èkó

Ẹṣin kì í ṣe àjèjì sí wa. Ìtàn ẹnu so ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ pọ̀ mọ́ orúkọ Aláàfin Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀. Láti apá òkè, lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Àríwá, ni Ọ̀yọ́ ti ń ra ọ̀pọ̀ ẹṣin rẹ̀, nítorí pé eṣinṣin tsetse kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé ní ilẹ̀ igbó. Ní 1726, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ kọlu Dahomey nígbà tí Agaja wà lórí oyè níbẹ̀. Bí a bá wo àwòrán ilẹ̀, a ó rí ohun tí ó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe: ní ìwọ̀-oòrùn wa, ilẹ̀ ọ̀dàn na ẹsẹ̀ dé ẹ̀bá òkun, igbó kìjikìji sì já níbẹ̀. Ibi tí ẹṣin lè gbé ni ogun ẹlẹ́ṣin lè dé.

Èkó náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1859, Ọba Dòsùnmú fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ ní Erékùṣù Èkó fún eré ìje ẹṣin. Orí pápá yìí ni a ti fa àsíá àwọn Gẹ̀ẹ́sì wálẹ̀ tí a sì ta tiwa sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1960. Ní 1972, ìjọba Ọ̀gágun Gowon sọ ibẹ̀ di Tafawa Balewa Square. Ère ẹṣin funfun mẹ́rin tí ó wà lórí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ń rán wa létí ohun tí ibẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìje ti kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n eré ẹṣin kò parí ní Èkó. Ẹgbẹ́ eléré pólò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1904 ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹṣin ní Ìkòyí. Ní Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, àwọn ìdílé Balógun máa ń gun ẹṣin wá sí Ojúde Ọba pẹ̀lú ìbọn, ìlù àti aṣọ olówó iyebíye.

Nítorí náà, bí ọ̀pọ̀ ìwádìí tí mo fẹ́ sọ bá tilẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ẹṣin ìje ilẹ̀ òkèèrè wá, ẹran kan náà ni, àká kan náà ni ó sì wà nínú rẹ̀.

2. Ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀

Bí a bá gba ẹ̀jẹ̀ ẹṣin sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, tí a fi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí i, tí a sì gbé e jókòó, kò ní pẹ́ tí yóò fi pín sí méjì. Ti ẹṣin yára ju ti màlúù lọ gidigidi nínú èyí. Omi tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti epo ẹ̀pà yóò wà lókè. Ohun pupa yóò rọ̀ sísàlẹ̀. Omi yìí ni mo ń pè ní omi ẹ̀jẹ̀. Ohun pupa yẹn ni hóró ẹ̀jẹ̀ pupa, tí wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan. Iṣẹ́ wọn ni láti gbé ọ́síjìn, èyíinì ni apá tí ara ń lò nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí, láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí ibi tí iṣẹ́ wà.

Bí oníṣègùn bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ẹṣin pé, yóò fi ẹ̀rọ yí ìgò náà gbirigbiri, yóò sì wọn ìdá tí ohun pupa kó nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ náà. Èyí ni a ó máa pè ní ìwọ̀n pupa láti ìsinsìnyí lọ. Ní ara ẹṣin ìje tí ara rẹ̀ dá, tí ó sì dúró jẹ́ẹ́ nínú ilé rẹ̀, ìwọ̀n pupa kì í jìnnà sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ẹ̀jẹ̀ ẹṣin yìí kan náà bí ó ti parí eré àsápajúdé, a lè rí 60, a tilẹ̀ lè rí 65. Kò sí ara tí ó lè ṣẹ̀dá hóró pupa tuntun tó bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì. Níbo ni wọ́n ti wá?

3. Gáréèjì inú ẹṣin

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àpèjúwe. Ní Ìyànà Ìbà, nígbà tí èrò kò pọ̀, àwọn ọkọ̀ a máa dúró ní gáréèjì, díẹ̀ nínú wọn ni yóò sì wà lójú títì. Bí ó bá di òwúrọ̀ tí èrò ya dé, gbogbo ọkọ̀ yóò tú jáde. Ẹni tí ó bá ka ọkọ̀ ojú títì ní ọ̀sán yóò rò pé ọkọ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tí ó bá kà wọ́n ní òwúrọ̀ yóò rò pé ọkọ̀ ti pọ̀ jù. Ọkọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń kà.

Nínú ara ẹṣin, ọkọ̀ ni hóró pupa, ọ́síjìn ni èrò, gáréèjì sì ni ọlọ inú. Ẹ̀yà ara yìí wà ní apá òsì ikùn, ó sì tẹ̀ bí dòjé. Nígbà ìsinmi, nǹkan bí ìdá mẹ́ta gbogbo hóró pupa tí ẹṣin ní ni ó máa ń wà níbẹ̀, nígbà mìíràn ó sì lè sún mọ́ ìdajì. Bí ẹ̀rù bá ba ẹṣin, tàbí tí inú rẹ̀ ru sókè, tàbí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, adrenaline yóò tú sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn iṣan ìmọ̀lára yóò sì ké sí ọlọ inú. Yóò fún ara rẹ̀ bí ẹni fún kànìnkànìn, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sì wọ ojú ọ̀nà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lọ.

Ọ̀mọ̀wé ará Sweden kan, Sune Persson, wà lára àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀, nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní 1967 lórí bí ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ti pọ̀ tó àti bí agbára iṣẹ́ rẹ̀ ti tó. Ìwádìí lórí àwọn ẹṣin tí a yọ ọlọ inú wọn fi hàn pé wọ́n lè sáré, ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣe tó bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ohun tí àwọn eléré kan ń jí ṣe, nípa fífa ẹ̀jẹ̀ kún ẹ̀jẹ̀ ara wọn kí wọ́n tó díje, ẹ̀dá ti ṣe é fún ẹṣin lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwa ènìyàn náà ní ọlọ inú, ṣùgbọ́n ohun tí tiwa ń kó pa mọ́ kéré. Ìwádìí tí ó jáde ní 2018 fi hàn pé àwọn Bajau, ará Indonesia tí ń mòòkùn nínú òkun láti ìran dé ìran, ní ọlọ inú tí ó tóbi ju ti àwọn aládùúgbò wọn tí kì í mòòkùn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a lè fi wé ẹṣin nínú wa.

Ọkọ̀ púpọ̀ kò wúlò bí kò bá sí ohun tí ń tì í. Ọkàn ẹṣin a máa lù ní 30 sí 40 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan nígbà ìsinmi. Nígbà eré líle, a máa ju 220 lọ. Nígbà náà, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń tì jáde lè kọjá 250 lítà ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi ojú inú wo kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́wàá, onílítà 25, tí ẹnìkan ń dà tán láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí ẹṣin ìje, bí a bá fi ìwọ̀n ara pín in, fi lè lo ọ́síjìn tó nǹkan bí ìlọ́po méjì èyí tí asáré ènìyàn tí ó mọ̀ ọ́n sá jù lè lò.

4. Gbèsè tí eré ń dá sílẹ̀

Kò sí ọrọ̀ tí kò ní ìnáwó tirẹ̀. Gbèsè mẹ́rin ni mo fẹ́ tọ́ka sí.

Èkínní ni kíki ẹ̀jẹ̀. Bí gbogbo ọkọ̀ bá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wa mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín Okokomaiko àti Ìyànà Ìbà: sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni. Ẹ̀jẹ̀ tí hóró pupa kó ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ki, ó sì le fún ọkàn láti tì.

Èkejì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ lè di ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà eré àsápajúdé, bẹ́ẹ̀ ni ògiri tí ó pààlà láàárín afẹ́fẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ kò nípọn tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Ògiri yìí a máa ya, ẹ̀jẹ̀ a sì máa jò sínú ọ̀nà èémí. Nígbà tí àwọn oníwádìí fi ẹ̀rọ wo ọ̀nà ọ̀fun ẹṣin ìje 744 ní Melbourne, ní ilẹ̀ Australia, nínú iṣẹ́ tí ó jáde ní 2005, wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ nínú ti ohun tí ó ju ìdajì wọn lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ máa ń hàn ní ihò imú wọn. Ohun tí ojú wa rí ní imú ẹṣin jẹ́ díẹ̀ nínú ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú.

Ẹ̀kẹta ni kíkan ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ẹṣin bá ń sáré dé góńgó, èémí kan ni ó ń mí fún ìfò ẹsẹ̀ kan, kò sì lè mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ń kọjá nínú ẹ̀dọ̀fóró kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ kì í fi rí ọ́síjìn gbé tó. Àwọn ẹran itan yóò wá máa dáná láìsí afẹ́fẹ́ tó. Ohun tí wọ́n ń tú jáde nínú irú iná bẹ́ẹ̀ ni lactate, pẹ̀lú ohun kíkan. Nígbà ìsinmi, ìwọ̀n lactate inú ẹ̀jẹ̀ kì í tó 1 nínú òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò. Lẹ́yìn ìje, ó lè wọ 20 lọ sókè. Bí a bá jẹ́ kí ẹṣin máa rìn jẹ́jẹ́ lẹ́yìn eré, ó ń yára fọ èyí kúrò ju kí a so ó mọ́lẹ̀ lójú kan náà lọ.

Ẹ̀kẹrin ni ooru, èyí sì ni ó kàn wá jù ní etí ọ̀sà níbí. Òógùn ni ẹṣin fi ń tu ara rẹ̀ lára; nínú ooru, ó lè la òógùn tó lítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan, pẹ̀lú iyọ̀ púpọ̀. Òógùn kì í tuni lára àfi bí ó bá gbẹ. Ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi bí ti Ọ̀jọ́, ṣe ni yóò kàn máa kán sílẹ̀. Omi ẹ̀jẹ̀ yóò máa dín kù, ara kò sì ní tutù.

5. Ìwọ̀n tí ń tan ni jẹ

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Bí ìwọ̀n pupa bá lè ti 40 fò lọ sí 60 láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ni iye kan ṣoṣo tí a kọ sínú ìwé ń sọ fún wa? Kò sọ nǹkan kan àfi bí a bá mọ ipò tí ẹṣin wà nígbà tí a gbà á. Kò sì dìgbà tí ẹṣin bá sáré. Abẹ́rẹ́ lásán, àjèjì tí ó wọlé, ariwo ìbọn, gbogbo ìwọ̀nyí lè mú kí ọlọ inú fún ara rẹ̀. Ẹṣin tí ó dúró ní Ojúde Ọba láti òwúrọ̀ láìgbé ẹsẹ̀ lè ti tú àká rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní ẹṣin kan wà tí àìsàn ti jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ìwọ̀n pupa rẹ̀ nígbà ìsinmi fi di 24. Aláìlẹ́jẹ̀ ni. Wọ́n mú un wá, ó ń ta kìjí, wọ́n sáré dì í mú, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Ọlọ inú rẹ̀ tú ìwọ̀nba tí ó kù jáde, ìwọ̀n náà sì di 36. Ìwé àyẹ̀wò yóò ní ara rẹ̀ dá. Ẹni tí ó ni ín yóò gùn ún jáde. Ṣùgbọ́n 36 yìí ni gbogbo ohun tí ẹran náà ní láyé. Kò sí ọkọ̀ mìíràn ní gáréèjì mọ́. Nígbà tí eré bá béèrè 60, kò ní rí i san.

Èyí kì í ṣe àlá ní ilẹ̀ wa, nítorí àwọn àìsàn tí ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ẹṣin pọ̀ níbí. Trypanosoma ni ti àkọ́kọ́, kòkòrò tí David Bruce rí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹran ní ilẹ̀ Zulu ní nǹkan bí 1895, tí ó sì fi hàn pé eṣinṣin tsetse ni ó ń gbé e kiri. Ìyọnu rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ nítorí rẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1947, tí ó fi ìdí kalẹ̀ sí Kàdúná. Èkejì ni ibà eégbọn, tí Babesia àti Theileria ń fà, tí wọ́n ń ba hóró pupa jẹ́ láti inú wá. Ẹṣin tí ó bá ye irú ibà bẹ́ẹ̀ lè máa gbé kòkòrò náà kiri fún ìgbà pípẹ́ láìfi àmì kan hàn, títí di ọjọ́ tí a bá lò ó ní àlòjù.

6. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Mo kò wá síbí láti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gun ẹṣin mọ́. Ohun tí mo ń tọrọ kò le, kò sì gba owó púpọ̀.

Kí a gba ẹ̀jẹ̀ ẹṣin fún àyẹ̀wò nínú ilé rẹ̀, ní òwúrọ̀, kí a tó gùn ún, lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀. Bí ó bá ti sáré, kí a fún un ní wákàtí bíi mélòó kan kí hóró pupa lè padà sí àká. Kí a má fi ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo dájọ́; kí a ní àkọsílẹ̀ ti ẹṣin kọ̀ọ̀kan, nítorí ti ẹṣin kan kì í ṣe ti èkejì. Kí oníṣègùn wọn purotéènì inú omi ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwọ̀n pupa. Bí méjèèjì bá gòkè pọ̀, omi ni ó dín kù lára ẹṣin náà. Bí pupa nìkan bá gòkè tí purotéènì dúró, ọlọ inú ni ó tú àká. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí omi ni oògùn ti èkínní, ìsinmi sì ni ti èkejì.

Ẹni tí kò ní oníṣègùn nítòsí ṣì lè ká ètè ẹṣin sókè ní àárọ̀ kí ó tó dì í ní gàárì. Bí èrìgì rẹ̀ bá funfun dípò kí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kí ó fi sílẹ̀ ní ọjọ́ náà, kí ó sì wá oníṣègùn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde ní imú rẹ̀ lẹ́yìn eré, bẹ́ẹ̀ náà ni. Lẹ́yìn iṣẹ́, kí a mú un rìn jẹ́jẹ́ ní ibòòji, kí a máa da omi tútù sí i lára léraléra, kí a sì fún un ní omi mu. Ìgbàgbọ́ àtijọ́ pé omi ń pa ẹṣin tí ara rẹ̀ gbóná kò ní ìpìlẹ̀. Àìrí omi mu ni ó ń pa á.

Ìparí

Ẹ̀yin ènìyàn mi, a ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ ẹṣin kì í dúró sí ojú kan. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń ki, ó ń kan, gẹ́gẹ́ bí ohun tí a bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹṣin ti ń ta kìjí, tí ó ń gbé orí sókè, tí ojú rẹ̀ ń dán, kì í ṣe ẹ̀rí pé ara rẹ̀ dá. Ó lè jẹ́ pé àká ti ṣí ni, ohun tí ó kù nínú rẹ̀ sì ni ó ń ná. Ẹran yìí kò ní ẹnu tí yóò fi sọ fún wa pé àká òun ti ṣófo. Àwa tí a ń gùn ún ni ó yẹ kí ó wò ó kí a tó gbé ẹsẹ̀ lé okùn gàárì.